Bí Ẹ Ṣe Lè Gun Òkè Kilimanjaro Láti Nàìjíríà

Láti ìgbà tí mo ti gun Kilimanjaro dé, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí: "Ṣé ẹni tí kò gun òkè rí lè gùn ún?" Bẹ́ẹ̀ ni. Lójú ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà, kò sí pé ẹ ń so okùn mọ́ ìdí tàbí pé ẹ ń fi irin gbẹ́ yìnyín. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín dé orí. Ohun tó ń dá èèyàn padà níbẹ̀ ni ìkánjú. Mo rí géńdé tó ń sáré ìje ọlọ́nà jíjìn tó dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún. Mo sì rí ìyá àgbà kan tó dé orí nítorí pé kò bá ẹnikẹ́ni figagbága lójú ọ̀nà.

Gbogbo ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, ìdí kan náà ni mo fi kọ ọ́: kí ẹ lè rìn pẹ̀lẹ́ tó.

## Ibi tí ẹ ń lọ

Kilimanjaro wà ní àríwá ìlà-oòrùn Tanzania, nítòsí ààlà Kenya. Òun ló ga jù ní gbogbo Áfíríkà: 5,895 mítà. Òkè oníná mẹ́ta ló para pọ̀ di òkè náà: Shira (3,962 mítà) ní ìwọ̀-oòrùn, Mawenzi (5,149 mítà) ní ìlà-oòrùn, àti Kibo láàárín. Kibo lẹ ó gùn. Ṣóńṣó rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Uhuru, "òmìnira" lédè Swahili, orúkọ tí wọ́n fún un nígbà tí Tanganyika gba òmìnira ní 1961.

Kí ẹ lè mọ bó ṣe ga tó: òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, Chappal Waddi, jẹ́ 2,419 mítà. Ibi tí ẹ ó sùn ní alẹ́ ọjọ́ kìíní lọ́nà Machame ti ga jù ú lọ.

Nínú ìtàn òkè yìí, ẹyọ kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání. Hans Meyer ará Jámánì gbìyànjú ní 1887, yìnyín dá a padà. Ó tún lọ ní 1888, ogun ká a mọ́ ojú ọ̀nà, wọ́n mú un nígbèkùn. Nígbà tó padà wá ní 1889 pẹ̀lú Ludwig Purtscheller, ó kó oúnjẹ sí àgọ́ káàkiri ojú ọ̀nà, kí wọ́n lè sinmi kí wọ́n sì tún gbìyànjú láìjẹ́ pé wọ́n ń sọ̀ délẹ̀ pátápátá. Ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n dé orí. Ọ̀nà tó gbà pín ìrìn àjò náà wẹ́wẹ́ ni kí ẹ kọ́.

## Kí ẹ tó san owó kankan

1. Ẹ mọ jẹ́nótáìpù yín. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé àwọn ìwé tí àwọn òyìnbó ń kọ kì í sábà sọ ọ́. Bí ẹ bá jẹ́ SS, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gun òkè yìí. Bí ẹ bá jẹ́ AS, tí ara yín dá ṣáṣá nílé, ẹ mọ̀ pé àìtó ọ́síjìn lókè lè ba ẹ̀yà ara kan jẹ́ tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní spleen. Ẹ bá dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó pinnu. Bí ìhà òsì bá ń dùn yín gan-an lórí òkè, ẹ sọ fún amọ̀nà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀.
2. Ẹ lọ rí dókítà nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ikọ́ fée (asthma), ọkàn, àti oyún. Ẹ béèrè nípa oògùn Diamox (acetazolamide), tó ń ran ara lọ́wọ́ láti bá òkè mu. Ọ̀pọ̀ dókítà ń ní kí èèyàn lo 125 miligíráàmù lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láti ọjọ́ tó ṣáájú gígun òkè. Ẹ má dá a lò fúnra yín, pàápàá bí oògùn tó ní sulfa bá máa ń bá yín jà. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò nílé fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ó máa ń mú kí èèyàn tọ̀ léraléra, ó sì máa ń mú kí ìka ṣe jìnnìjìnnì.
3. Káàdì àjẹsára ibà pọ́njú, tí gbogbo wa ń pè ní yellow card. Wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wọ Tanzania. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó wọ bàálù.
4. Físà. Ẹ tètè wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba Tanzania. Ẹ má gbára lé e pé ẹ ó gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà kí físà tó jáde.
5. Ìnṣọ́ránsì. Ẹ ka inú ìwé rẹ̀ dáadáa. Ó gbọ́dọ̀ bo rírìn lórí òkè títí dé 6,000 mítà, àti hẹlikópítà. Ọ̀pọ̀ ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò ni kò kọjá 3,000 tàbí 4,000.

## Ìgbà wo ló dára?

Oṣù kìíní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, tàbí oṣù kẹfà sí oṣù kẹwàá. Láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, òjò ibẹ̀ kò mọ níwọ̀n. Oṣù kọkànlá náà ní òjò tirẹ̀.

## Ẹ yan ọ̀nà

- Marangu: ilé onígi lẹ ó máa sùn, kì í ṣe àgọ́. Ọ̀nà kan náà lẹ ó gbà lọ, lẹ ó gbà bọ̀. Àwọn kan ń fi ọjọ́ márùn-ún ṣe é, ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ lo ọjọ́ mẹ́fà.
- Machame: àgọ́. Ọjọ́ mẹ́fà tàbí méje. Ó ń gun òkè, ó ń sọ̀, ara sì ń tipa bẹ́ẹ̀ mọ́ra.
- Lemosho: láti ìwọ̀-oòrùn, ọjọ́ méje tàbí mẹ́jọ. Bí owó bá wà, òun ni mo fara mọ́ jù.
- Rongai: láti àríwá, nítòsí Kenya. Òjò kì í pọ̀ níbẹ̀ tó ti gúúsù.
- Umbwe: ó kúrú, ó sì dúró gbọnrangandan. Kì í ṣe fún ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ yan láàárín bàtà tuntun àti ọjọ́ kan sí i lórí òkè, ẹ ra ọjọ́.

## Ẹ yan ilé iṣẹ́ tí yóò mú yín gòkè

Òfin ọgbà náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni dá gùn ún láìsí amọ̀nà tó níwèé àṣẹ. Owó tí ìjọba ń gbà fún ọgbà àti ibùdó nìkan, fún ọjọ́ méje, lè lé ní 800 dọ́là. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá dárúkọ iye tó rẹlẹ̀ débi tó ń yà yín lẹ́nu, owó àwọn aláàárù ló fẹ́ jẹ. Mo rí ọmọkùnrin kan ní Shira tó fi bàtà sálúbàtà ru àgọ́ wa. Omijé bọ́ lójú mi. Látìgbà náà ni mo ti ń ní kí àwọn èèyàn kọ́kọ́ béèrè:

- Ṣé ẹ wà lára àwọn ilé iṣẹ́ tí Kilimanjaro Porters Assistance Project, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà àwọn aláàárù, ń ṣọ́?
- Kílò mélòó ni aláàárù kan ń rù? (Kò gbọdọ̀ ju 20 lọ.)
- Ṣé ọ́síjìn àti ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ amọ̀nà?
- Bí ẹnìkan bá ṣàìsàn, amọ̀nà wo ló máa mú un sọ̀, ta ló sì máa bá àwọn yòókù lọ?

## Ìmúra nílé, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá

Èkó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì ga ju òkun lọ tó nǹkan kan. Ìdárayá kò lè kọ́ ẹ̀jẹ̀ yín bí wọ́n ṣe ń mí ní 5,000 mítà. Ẹsẹ̀ àti orúnkún nìkan ló lè kọ́.

1. Ẹ máa rìn fún wákàtí kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, nínú bàtà tí ẹ máa wọ̀ lọ gan-an.
2. Ẹ gbé kílò márùn-ún sí mẹ́jọ sẹ́yìn, kí ẹ máa gun àtẹ̀gùn. Bí ilé yín bá jẹ́ alájà mẹ́rin, ẹ gùn ún kí ẹ sọ̀ ọ́ nígbà mẹ́wàá. Sísọ̀ ló ń pa orúnkún, ẹ má fò ó.
3. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ lọ sí Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Ẹ gùn ún lọ́jọ́ Sátidé, ẹ tún gùn ún lọ́jọ́ Àìkú nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń dùn yín. Ọjọ́ kejì yẹn ló jọ Kilimanjaro.

## Ẹrù

Ẹrù tí aláàárù máa gbà lọ́wọ́ yín kì í sábà ju kílò 15 lọ.

- Bàtà òkè tó ti mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Bàtà náà, ẹ wọ̀ ọ́ wọ bàálù. Gbogbo nǹkan yòókù ni ẹ lè háyà ní Moshi, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè náà, bí ẹrù bá sọnù.
- Jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn (ọjà òkìrìkà Kàtangúà kún fún un, owó pọ́ọ́kú), àti ẹ̀wù òjò lókè àti nísàlẹ̀.
- Aṣọ tín-ín-rín méjì tó ń fà mọ́ ara. Ẹ má mú aṣọ òwú: bó bá ti mu òógùn, kì í gbẹ, òtútù á sì wọlé.
- Ìbọ̀wọ́ méjì, èyí tó fúyẹ́ nínú, èyí tó nípọn lóde.
- Fìlà tó bo etí. Ẹ̀yin ìyá àti àbúrò tó ń dirun, ẹ gbé fìlà náà wò lórí irun yín kí ẹ tó kúrò nílé. Irun ńlá kì í jẹ́ kó bo etí.
- Àpò ìsùn tó lè gba òtútù −10 sísàlẹ̀ (ẹ háyà rẹ̀).
- Tọ́ọ̀ṣì tí a ń dè mórí, pẹ̀lú bátìrì mìíràn.
- Ìgò omi tó ní ẹnu gbòòrò, lítà mẹ́ta lápapọ̀.
- Jígí òòrùn àti ìpara òòrùn. Àwọ̀ dúdú náà ń jóná níbẹ̀.
- Ohun tí ẹnu yín fẹ́ràn. Kúlíkúlí ni mo mú. Nígbà tí oúnjẹ gbogbo kọ̀ lẹ́nu mi ní Barafu, ibùdó tó kẹ́yìn kí a tó dé orí, òun nìkan ló wọlé.

Ìkìlọ̀: Tanzania ti fòfin de náílọ̀n láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà 2019. Ẹ tú gbogbo náílọ̀n kúrò nínú ẹrù kí ẹ tó gbéra. Àpò aṣọ tó ní síìpù tàbí ike ni kí ẹ kó nǹkan sí.

## Ọjọ́ dé ọjọ́: Machame, ọjọ́ méje

1. Ẹnu ọ̀nà Machame (nǹkan bíi 1,800 mítà) sí ibùdó Machame (ó lé ní 2,800). Ẹ kọ orúkọ sínú ìwé. Igbó kìjikìji ni, ilẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀, ọ̀bọ dúdú onírun funfun gígùn á máa wò yín látorí igi. Ara á yá yín. Ẹ má torí ìyẹn yára.
2. Sí Shira (nǹkan bíi 3,800). Igi á tán. Orí lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ díẹ̀.
3. Sí Lava Tower (nǹkan bíi 4,600), kí ẹ sì sọ̀ sí Barranco (nǹkan bíi 3,950). Ọjọ́ yìí ló ṣe pàtàkì jù kí ẹ tó dé orí. Ẹ gòkè kí ara rí i, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ara sinmi. Ẹ jẹun ọ̀sán lókè náà kódà bí kò bá wù yín.
4. Ògiri Barranco, sí Karanga (nǹkan bíi 4,000). Ẹ ó lo ọwọ́ níbi kan. Ẹ kó ọ̀pá ìtilẹ̀ sínú àpò. Bí aláàárù bá ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ fara mọ́ ara òkè, kí ó gba etí kọjá.
5. Sí Barafu (nǹkan bíi 4,670). Barafu túmọ̀ sí yìnyín. Ẹ dé, ẹ jẹun, ẹ to aṣọ òru sílẹ̀, ẹ sùn kí ilẹ̀ tó ṣú tán.
6. Sí Uhuru, kí ẹ sì sọ̀ sí ibùdó Mweka (nǹkan bíi 3,100).
7. Sí ẹnu ọ̀nà Mweka. Igbó padà dé, èémí náà padà dé.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ mẹ́fà àti méje ni oorun Karanga. Bí wọ́n bá ní kí ẹ yọ ọ́ kí owó lè dín, ẹ kọ̀.

Láti ọjọ́ kìíní ni ẹ ó ti máa gbọ́ "pole pole" lẹ́nu àwọn amọ̀nà. Etí Yorùbá kò ní ṣì í gbọ́: pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Bí ẹsẹ̀ yín bá sì yọ̀, "pole" ni wọ́n á wí, bí àwa náà ṣe ń wí pé "pẹ̀lẹ́". Ìwọ̀n rẹ̀ rèé: bí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn gígùn kan láìmí hẹlẹhẹlẹ, ẹ ti yára jù. Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi.

## Òru tí ẹ máa dé orí

Wọ́n á jí yín ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá alẹ́. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú aago: láti agogo mẹ́fà òwúrọ̀ àti agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ làwọn tó ń sọ Swahili ti ń ka wákàtí, nítorí náà "saa sita" òru, tí ó túmọ̀ sí aago mẹ́fà, agogo méjìlá òru tiwa ni.

1. Ẹ mu tíì, ẹ jẹ bísíkíìtì, bó ti wù kó kéré tó.
2. Ẹ dojú ìgò omi délẹ̀ nínú àpò. Òkè omi ló ń kọ́kọ́ dì, ẹnu ìgò á sì wà ní ṣíṣí. Rọ́bà ìfàmu ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ní nǹkan bí agogo méjì òru mo fà á, kò sí nǹkan. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ eérú gbígbẹ. Omi inú rẹ̀ ti di yìnyín láti ẹnu dé èjìká mi. Amọ̀nà mi ló fún mi ní tíì láti inú fúláàsì rẹ̀.
3. Ẹ fi fóònù àti bátìrì sí ìhà ara. Òtútù ń pa wọ́n.
4. Ẹ máa wo gìgísẹ̀ ẹni tó wà níwájú. Ẹ má wo òkè. Iná tọ́ọ̀ṣì tí ẹ máa rí lókè lọ́hùn-ún máa dà bí ìràwọ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì á sì mú yín.
5. Ẹ má jókòó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kí ẹ má sì sùn.
6. Stella Point (5,756 mítà) ni etí kòtò ńlá orí Kibo. Láti ibẹ̀ sí Uhuru tó nǹkan bíi wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ ń rò pé àwọn ti dé, wọ́n á sì ná gbogbo agbára tán síbẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ pamọ́.
7. Ní Uhuru, ẹ ya fọ́tò, ẹ dúpẹ́, ẹ sọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ibẹ̀ kò ju ìdajì tìsàlẹ̀ lọ, kì í ṣe ibi tí à ń pẹ́ sí.

## Àìsàn òkè: ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì

Èyí tó wọ́pọ̀: orí fífọ́, èébì, àìlè jẹun, òòyì, àìrí oorun sùn. Ẹ sọ fún amọ̀nà. Ẹ má gòkè sí i títí yóò fi lọ. Bó bá ń le sí i, ẹ sọ̀.

Èyí tó ń pani:

- *Ọpọlọ wú:* èèyàn á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, á máa sọ ìsọkúsọ. Ẹ ní kó fi gìgísẹ̀ kan ìka ẹsẹ̀ kejì lórí ìlà tààrà. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ gbé e sọ̀ nísinsìnyí, lóru tàbí lọ́sàn-án.
- *Omi kún ẹ̀dọ̀fóró:* kò rí èémí mí bó tilẹ̀ jókòó, ó ń wúkọ́, itọ́ rẹ̀ lè hó kó sì pọ́n. Ní ti àwọ̀ tiwa, ẹ má wo ojú. Ẹ wo inú ètè, ahọ́n àti èékánná, bóyá wọ́n ti di aró.

Ọ́síjìn inú sìlíńdà ń ra àkókò ni. Sísọ̀ kalẹ̀ ni ìtọ́jú.

Àbúrò mi ọkùnrin ló kọ́ mi ní èyí. Ó lágbára jù mí lọ fíìfíì. Láti Karanga ni orí ti ń fọ́ ọ, ó fi pamọ́ fún mi, ó ń gbé oògùn ẹ̀fọ́rí mì ní kọ̀rọ̀ kí wọ́n má bàa dá a dúró. Lóru ọjọ́ kẹfà, bí wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn tí a kúrò ní Barafu, mo pè é, ó dá mi lóhùn pẹ̀lú orúkọ ìyá wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ́. Amọ̀nà kejì gbá a mú lábíyá, wọ́n sì sọ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo bá a ní Barafu lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó ń mu ọbẹ̀. Bí ó bá sọ òótọ́ ní Karanga, ọjọ́ kan péré là bá fi sinmi.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Bàtà tuntun.
- Kí a fi oògùn ẹ̀fọ́rí bo àmì àìsàn mọ́lẹ̀.
- Àìmu omi nítorí pé a kò fẹ́ jáde tọ̀ lóru. Lítà mẹ́ta lójúmọ́ ni kí ẹ fojú sùn.
- Ọtí àti oògùn oorun. Méjèèjì ń dín èémí kù.
- Kí a gbàgbé owó ìdúpẹ́ àwọn aláàárù àti amọ̀nà. Ẹ mú dọ́là tuntun lọ, wọn kì í sábà gba ti àtijọ́. Ẹ fún oníkálukú lọ́wọ́ rẹ̀.

## Bí Kilimanjaro bá ju agbára yín lọ

- Òkè Meru, nítòsí Arusha, ó lé díẹ̀ ní 4,500 mítà. Àwọn kan ń kọ́kọ́ gùn ún kí ara lè mọ́ra.
- Ọjọ́ kan péré sí Mandara lọ́nà Marangu, 2,720 mítà, kí ẹ sì padà nírọ̀lẹ́. Ẹ ó rí igbó náà, ẹ ó sì ti ga ju gbogbo Nàìjíríà lọ.
- Òkè Ìdànrè, pẹ̀lú ìlú àtijọ́ tó wà lórí rẹ̀. Kò gba físà.

Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà Mweka, ẹ tún kọ orúkọ sínú ìwé, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí yín. Ẹni tó dé Stella Point náà ń gbà á, kì í ṣe ti Uhuru nìkan. Àbúrò mi kò gba kankan. Ó ti sanwó Lemosho fún oṣù kìíní tó ń bọ̀, ọjọ́ mẹ́jọ.